Ìgò Mínírà Kejì

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ìrìn-àjò mi kò ju láti Abbey Wood dé Woolwich lọ. Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Inú fúláàtì kan lẹ́bàá Harrow Manorway ni mò ń gbé, níbi tí afẹ́fẹ́ odò Thames ti máa ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ wọlé, tí á máa súfèé sí mi létí lórí ibùsùn. Láàárọ̀, màá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Thamesmead North láti tọ́jú ìyá òyìnbó arúgbó kan. Tó bá di ọjọ́ Sunday, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich, sí hóòlù tí ìjọ wa ń yá lò. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, àwọn tí kì í wọ bàtà tí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Inú báàgì ni mo máa ń di tèmi sí títí màá fi débẹ̀, kí àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì má baà pè mí ní iwin. Mo gbà lọ́kàn mi nígbà náà pé mo ti gbọ́n, pé kò sóhun tó tún lè dẹ́rù bà mí láyé, àfi ajá aládùúgbò mi.

Màmá ni mo máa ń pe ìyá arúgbó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn gan-an ni àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ń pè wọ́n, bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Màmá náà a máa pè mí ní Nọ́ọ̀sì. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo kàn ń wẹ̀ wọ́n, mò ń se oúnjẹ wọn, mo sì ń rí i pé wọ́n lo oògùn ni. Àwọn gan-an ni wọ́n ṣe nọ́ọ̀sì nígbà èwe wọn, ní ilé ìwòsàn àwọn ajíhìnrere kan ní Zambia, létí odò ńlá kan. Ibẹ̀ ni ibà ti pa ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Àwòrán ọmọ náà wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó lórí àpótí, ó ń ṣẹ́jú nítorí oòrùn. Wọn kì í jẹ́ kí n nu eruku ohunkóhun nínú ilé kí n tó nu ti ojú àwòrán yẹn.

Ọjọ́ kan ni mo ṣèèṣì sọ fún wọn pé èmi náà bí ọmọ kan rí. N kò sọ ọ́ fún ẹlòmíì ní London. Òṣogbo ni mo bí i sí, ibẹ̀ náà ló kú sí, nígbà tí kò tíì dàgbà tó ẹni tí à ń rán níṣẹ́ dé òpin àdúgbò. Ọwọ́ òsì ni ọmọ náà fi máa ń ṣe gbogbo nǹkan. Bí mo bá nawọ́ nǹkan sí i, òsì ni yóò fi gbà á. Màá gbá a lọ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, màá ní, "Ọwọ́ wo nìyẹn?" Yóò rẹ́rìn-ín, yóò tún na òsì náà padà. Nígbà tó kú, àwọn obìnrin ilé dì mí mú nínú yàrá, àwọn ọkùnrin sì gbé e lọ. Bí àṣà wa ti rí nìyẹn, ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ṣáájú wọn lọ padà dé, ó fọwọ́, ó jókòó, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Òun náà ti kú, ó gbé ohun tó mọ̀ lọ. Àwọn àgbà a máa sọ pé ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, méjèèjì ló ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi kú, ó sì tún nù.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni dókítà sọ fún wọn pé ọkàn wọn ti rẹ̀, pé ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe, kí wọ́n tètè ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n tún fojú kan ojú oórì ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmọ́ ilé ìwòsàn yẹn ti di ahoro, ìjọba sì ti sọ gbogbo agbègbè náà di igbó ẹranko. Àwọn tó ń lọ wo erin àti kìnnìún nìkan ni wọ́n ń mú lọ síbẹ̀. Wọ́n á sùn ní ilé àlejò kan nínú igbó, lọ́ọ̀jì ni wọ́n ń pè é, wọ́n á tún kó wọn lọ sí òmíràn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń gbé ènìyàn láti lọ́ọ̀jì kìíní lọ sí ìkejì nìkan ni ó lè gba ẹ̀gbẹ́ ahoro náà kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá ṣètò rẹ̀, ó sì ní èmi ni kí n sìn wọ́n lọ. Mo fi ẹnu gbà, ọkàn mi kò gbà.

Mo tọ wòlíì obìnrin ìjọ wa lọ. Mummy ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Wọ́n ń tún ọ́fíìsì ṣe láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n á sì ríran nírọ̀lẹ́. Wọ́n fetí sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Sister, ẹ fẹ́ mú ìyá ọlọ́mọ lọ síbo? Ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. You know this thing now."

"Mummy, òyìnbó ni wọ́n. Culture tiwọn different."

"Culture. Ṣé inú tí wọ́n fi lóyún náà different ni?" Wọ́n dijú, wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó là á. "OK. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa travel lọ síbi ojú oórì yẹn, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ wọ complete sutana yín, ẹ lọ gbàdúrà létí omi. Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ máa bọ̀ straight. Ẹ má wẹ̀yìn o."

Mo di ẹrù bí òpè. Gààrí, sàdíìnì, ata gígún, torí mo rò pé kò sóhun tí ènìyàn ń jẹ nínú igbó ọ̀hún àfi kí ẹranko jẹ òun fúnra rẹ̀. Obìnrin òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Màmá bi mí bóyá inú mi dùn pé mò ń lọ sílé. Mo ní ó dùn gan-an, bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé Zambia ni Òṣogbo wà. Nígbà tí a débẹ̀, àlejò ni mo jẹ́ bí Màmá ṣe jẹ́ àlejò, bóyá mo tilẹ̀ jù wọ́n lọ, torí àwọn mọ orúkọ àwọn ẹyẹ. Àlejò lójú, kò fi ríran, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ tí a máa kúrò ní lọ́ọ̀jì kìíní, mo wọ sùtánà mi, mo di àmùrè mi, mo sì fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò. Ìkùukùu bo omi náà débi pé n kò rí òdìkejì. Mo ń gbọ́ bí erinmi ṣe ń mí nínú rẹ̀, èémí tó wúwo tó sì sún mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tan àbẹ́là, mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn tútù, mo bẹ Ọlọ́run kó má bínú sí wa nítorí èèwọ̀ tí a fẹ́ ṣe. Bí mo ṣe ń gbàdúrà lọ, àwọn ẹyẹ tó ti ń ké dákẹ́. Erinmi náà dákẹ́. Ó wá dà bíi pé gbogbo ibẹ̀ ń fetí sí nǹkan tí kì í ṣe èmi. Mo sáré ṣe àmín, mo dìde, mo sì yára padà sí yàrá wa láìwẹ̀yìn. Aṣọ mi wúwo lẹ́yìn bí mo ṣe ń lọ, mo ní ìrì ló pa á. Nígbà tí mo bọ́ ọ, mo rí i pé etí rẹ̀ ti rún jọ sí ojú kan lẹ́yìn, bí ìgbà tí ènìyàn fún un mọ́wọ́. Mo ní ẹ̀gún ló fà á.

Nígbà oúnjẹ àárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ lọ́ọ̀jì kò wojú mi. Àwọn kan náà tó ń bá mi ṣàwàdà lánàá ni o. Alásè gbé àwo mi sí etí tábìlì, ó fi ìka tì í sún mọ́ mi. Obìnrin tó ń tọ́jú yàrá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó ń wo iyanrìn. Ó bi mí léèrè pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ sùn síbí lánàá?" Mo ní èmi àti ìyá àgbà, ṣebí òun ló tẹ́ ibùsùn wa. Ó mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í ṣe ohun tó ń bi mí nìyẹn. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo rò pé wọ́n ti mọ ibi tí à ń lọ, pé èèwọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà ni.

Awakọ̀ tó máa gbé wa jẹ́ ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tí a jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Gogo ló ń pe Màmá, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà lọ́hùn-ún. Ó gbé wọn síwájú nítorí ẹsẹ̀ wọn tó ń dùn wọ́n, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi, mo wọlé. Kò tì í. Ó dúró, ó di ilẹ̀kùn náà mú, ó ń wolẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ẹni tó kù. Ìgbà tó yá ló rọra tì í. Bí a ṣe ń lọ, ó ń wò mí nínú dígí. Nígbà tí mo fara balẹ̀ wò ó, mo rí i pé èmi kọ́ ló ń wò, ẹ̀gbẹ́ mi ni, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Igbó náà gbẹ, ó sì dákẹ́. A rí ìgalà tó dúró sí ojú ọ̀nà, wọ́n yíjú sí wa, wọn kò sì sá. Ní ìsọ̀ kékeré kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ra mínírà wá. Ó fún Màmá ní ìgò kan, ó mú ọ̀kan fún ara rẹ̀, ó wá gbé méjì fún mi. Mo rò pé oore ni. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo mu méjèèjì.

A dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Èyí tó lọ sápá ọ̀tún ni ọ̀nà etí odò tó gba ẹ̀gbẹ́ ahoro ilé ìwòsàn kọjá, èkejì ni títì ọlọ́dà tó yí gbogbo rẹ̀ ká. Títì ọlọ́dà ni awakọ̀ wa gbà. Màmá, tí mo rò pé wọ́n ti sùn, na ọ̀pá wọn sókè.

"Ọ̀nà kọ́ nìyí."

"Ọ̀nà odò ti bàjẹ́, Gogo."

Òjò kò sì tíì rọ̀ láti oṣù mélòó kan. Màmá kò bẹ̀ ẹ́, wọn kò jà. Wọ́n kàn ń yí orí wọn padà díẹ̀díẹ̀ bí oríta yẹn ṣe ń jìnnà sí wa. Inú bí mi. Àánú wọn ló ṣe mí tí mo fi gbàgbé ẹ̀rù mi. Mo ní kí ó dúró, mo ní ọkàn ìyá yìí kò ní gbé e wá síbí mọ́ láyé, kó sọ òótọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó pa ọkọ̀ sábẹ́ igi kan. Mo fa sùtánà mi yọ nínú báàgì, mo fi hàn án, mo tilẹ̀ fẹ́ máa rẹ́rìn-ín.

"Tó bá jẹ́ ohun tí ẹ rí létí odò láàárọ̀ ni, èmi ni. Àdúrà ni mo lọ gbà."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ma," ó ní. "Aṣọ funfun kì í ṣe àjèjì níbí. Ìjọ ìyá mi náà ń wọ̀ ọ́, ìta gbangba ni wọ́n ti ń gbàdúrà, wọn kì í sì í wọ bàtà. Aṣọ kọ́ ló ń bà wá lẹ́rù."

"Kí wá ni?"

"Ọmọ yẹn ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ó ní òun ń fọ ọkọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo jáde, èmi nìkan ni mo sì jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń ti odò bọ̀, ọmọdé kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó di etí aṣọ mi mú. Ọmọ náà ń sáré díẹ̀díẹ̀ kó lè bá mi rìn, torí mò ń yára jù. Alásè náà rí i. Obìnrin onígbálẹ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú iyanrìn. "Ó bá yín wọlé, ó bá yín jáde, mo sì dúró kó wọ ọkọ̀. N kì í ṣe ènìyàn búburú, ma, mo ra mínírà fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n sin síbi tí ẹ̀ ń lọ yẹn pọ̀. Bí èyí bá sọ̀ kalẹ̀ bá wọn, ó lè má wọlé mọ́. Àwọn tibẹ̀ náà sì lè bá a wọlé. Mo ní ọmọ nílé."

Ibi tó rún lẹ́yìn sùtánà náà ṣì wà bẹ́ẹ̀ lórí itan mi. Màmá ni wọ́n sọ̀rọ̀, láìyíjú padà.

"Ọwọ́ wo ló fi dì í mú?"

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí ìdarí ọkọ̀. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń rántí nǹkan, ó sì na òsì sókè.

N kò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ìgò méjì tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, pé mo ti mu mínírà ọmọ mi.

"Ọmọ Nọ́ọ̀sì ni," Màmá ní. "Kò ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, yí padà. Tèmi ló wà níbẹ̀."

Ó wò mí nínú dígí, ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni ọmọ náà máa bá wa padà. Mo ní bí mo bá ti wọ ọkọ̀, yóò wọ̀ ọ́. N kò mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó yí ọkọ̀ padà.

Òrùlé ilé ìwòsàn náà ti wó, koríko sì ga tó ènìyàn. Màmá kò bi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Wọ́n fi ọ̀pá wọn la koríko, awakọ̀ sì ń tẹ̀ lé wọn nítorí ẹranko, títí wọ́n fi dé ibi òkúta kékeré kan lábẹ́ igi. Èmi tí mo máa ń gbé wọn dìde lórí àga ní Thamesmead, mo rí i bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkúta náà sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìyá ṣe ń bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé sọ̀rọ̀. Èmi dúró lẹ́bàá ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, àṣà ti so ó. Mo ronú pé ẹni tó mọ ibi tí òun máa kúnlẹ̀ sí, Ọlọ́run ṣe é lóore, àṣà yòówù kó jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ní ìmọ̀lára pé nǹkan fà mí ní ìró lẹ́yìn, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Mo wo orí koríko, afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. Mo rántí ọ̀rọ̀ Mummy, n kò wẹ̀yìn. Mo kàn na ọwọ́ mi sẹ́yìn díẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Màmá pè mí pé kí n wá. Mo ní àwa kì í lọ síbi tó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọwọ́ mi tó wà lẹ́yìn.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Dúró ti tìrẹ."

Nígbà tí a fẹ́ kúrò, awakọ̀ tún ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Mo wọlé, mo sún wọlé dáadáa kí àyè lè wà. Ó dúró, ó wolẹ̀, èmi náà sì dúró lọ́tẹ̀ yìí. Mo wá sọ ọ́ ní Yorùbá, ní igbó tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ọ rí, pé, "Wọlé, ìyá mi." Awakọ̀ náà kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tó yẹ kó ti ilẹ̀kùn.

Màmá kò rí ìparí òtútù ọdún yẹn. Orí ibùsùn wọn ní Thamesmead ni wọ́n ti sùn lọ, mo ti nu ojú àwòrán náà láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó mọ̀. Ẹ̀yìn ìsìnkú wọn ni mo tó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Mummy, ní hóòlù wa ní Woolwich, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ. Mo retí pé wọ́n á bá mi wí, tàbí kí wọ́n ní kí n gbààwẹ̀. Wọ́n ń to àwọn àga jọ, wọ́n sì tò wọ́n tán kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Sister, mo ní ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ. Mi ò sọ pé ọmọ ò lè find ìyá ẹ̀."

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Mo ṣì ń gbé ní apá ibẹ̀ náà, afẹ́fẹ́ odò ṣì ń súfèé nínú ihò kọ́kọ́rọ́ mi, àwọn ọmọ tí ì bá máa pè mí ní iwin ti di bàbá ọmọ. N kò lọ sí Zambia mọ́, n kò sì rí ohunkóhun fojú mi títí di òní, n kò ní í purọ́. Bí ẹnìkan bá ní àlá ni awakọ̀ yẹn lá, n kì í bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti jáwọ́ nínú dídi sùtánà mi sínú báàgì. Ilé ni mo ti ń wọ̀ ọ́ báyìí lọ́jọ́ Sunday, màá fi ẹsẹ̀ lásán gba ọ̀nà ibi adágún omi kan ládùúgbò wá sídìí bọ́ọ̀sì, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, débi pé bọ́ọ̀sì a máa lọ lójú mi. Ọmọbìnrin kékeré kan nínú ìjọ, tí wọ́n bí síbí, tó ń bá mi gbé báàgì, ìrìn náà sú u lọ́jọ́ kan, ó ní, "Grandma, ṣé knee ẹ ń pain ẹ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan. Awakọ̀ yẹn ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan rí pé mò ń yára jù ni.